Etí Ni Kí A Kọ́kọ́ Kọ́, Kí A Tó Fa Ìlà Márùn-ún

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín kò tóbi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a kọ́ gbogbo ọmọ tó wà ní JSS 1 títí dé JSS 3 ní ìpìlẹ̀ ìmọ̀ orin: kí ọmọ lè gbọ́ orin kó sì mọ bí wọ́n ṣe tò ó, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì lè ka èyí tí ẹlòmíràn kọ. Mo sì fi kún un pé etí, ẹnu àti ọwọ́ ọmọ ni kí ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìwé. Apá àkọ́kọ́ kò yẹ kó fa ìjà, nítorí ìjọba ti gbà á lórí ìwé tipẹ́. Orin wà nínú iṣẹ́ tí à ń pè ní Cultural and Creative Arts, òun àti àwòrán yíyà, ijó àti eré orí ìtàgé. Apá kejì ni mo fẹ́ jà fún, nítorí ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń wọ́.

Ẹ ṣí ìwé nóòtù ọmọ yín wò. Ẹ óò bá gbólóhùn kan níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ohun tí orin jẹ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà márùn-ún tí a fi rúlà fà, àti àmì treble clef tí ọmọ náà yà, tó pa rẹ́, tó tún yà, títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Gbólóhùn àkọ́sórí kan wà níbẹ̀ tí yóò fi máa rántí orúkọ àwọn ìlà náà. Ní ojú ìwé kejì, ó kọ ọ́ pé semibreve jẹ́ 4, minim jẹ́ 2, crotchet jẹ́ 1, quaver jẹ́ ìdajì. Olùkọ́ ti fi bírò pupa sàmì sí i pé ó dára. Ẹ wá ní kí ọmọ náà máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, kó pàtẹ́wọ́ crotchet mẹ́rin fún yín, kó sì fi quaver mẹ́jọ tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò dúró tí yóò máa wò yín. Ọmọ tó gba gbogbo máàkì kò tíì gbọ́ ìró kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀.

Ọmọ kọ́ ló jẹ̀bi, n kò sì ní ká máa bá olùkọ́ jà. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀kọ́ náà ló dojú dé. Kò sí ìyá tó máa ń fi a-b-d lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ọmọ á ti gbọ́, á ti sọ, á ti ṣàṣìsọ, wọ́n á ti tún un ṣe fún un fún ọdún mélòó kan, kí lẹ́tà tó dé. Nígbà tí lẹ́tà bá sì dé, ohun tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń sàmì sí. Orin nìkan ni a ń fi àmì rẹ̀ ṣáájú ìró rẹ̀, tí a sì ń ṣe kàyéfì pé kò wọ ọmọ lára.

Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Ní ilẹ̀ Hungary, ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Zoltán Kodály, ẹni tí a bí ní 1882 tó sì kú ní 1967. Ó lọ káàkiri ìgbèríko, ó ń gba orin àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó rí bí ẹ̀kọ́ orin ṣe rí nílé ìwé, ó ní orin tí ọmọ gbọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, pé ohùn ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó jẹ́ ohun èlò àkọ́kọ́, àti pé àmì kò gbọdọ̀ ṣáájú ohun tí etí ti mọ̀. Ní 1950, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ ní Kecskemét, ìlú tí wọ́n bí i sí, níbi tí orin kíkọ ti jẹ́ iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ti lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú nínú rẹ̀ ni ìlànà náà. Orin ti Hungary, kí ó dúró sí Hungary.

Àtakò tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ẹ̀bùn ni orin, pé ẹni tí Ọlọ́run kò bá fún létí, kí a má dà á láàmú. Mo gbà pé ẹ̀bùn wà. Gbogbo ọmọ kọ́ ni yóò di akọrin, bí gbogbo ọmọ tó ń ṣe ìṣirò kò ṣe ní di onímọ̀ ìṣirò. Ṣùgbọ́n tí ó bá kan etí, ọmọ tó ń sọ Yorùbá ti yege ìdánwò náà kó tó wọ iléèwé. Ẹ ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta gbé igbá wá, kò ní gbé ìgbá wá fún yín. Lẹ́tà kan náà ni méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọn lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè. Gíga ohùn nìkan ló pín wọn níyà. Ọmọ tó lè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn láàárín ariwo ọjà, láti ẹnu ìyá àgbà tí eyín rẹ̀ ti ń ká, kò sí ẹni tó yẹ kó sọ fún un pé kò létí orin.

Àmọ́ ṣá o, ibí yìí gba ìṣọ́ra. Olùkọ́ Yorùbá ti fi dò, re, mí kọ́ àwọn ọmọ ní ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ sì lè rò pé òun ti mọ orin nìyẹn. Kò tíì mọ̀ ọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ohùn kò ní òdiwọ̀n kan pàtó. Ohùn ìsàlẹ̀ obìnrin lè ga ju ohùn òkè ọkùnrin lọ, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì wọ́n gbọ́, nítorí ohùn olúwarẹ̀ ni a fi ń wọn ohùn rẹ̀. Nínú orin, ìwọ̀n wà. Láti dò dé re jẹ́ ìṣísẹ̀ méjì nínú ìṣísẹ̀ kéékèèké 12 tí a pín àkàbà ohùn sí. Láti re dé mí jẹ́ méjì mìíràn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní JSS 1, bí wọ́n bá bi mí, ni kí olùkọ́ mú ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo kíláàsì mọ̀, kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sì wá fi dò, re, mí gidi kọ ọ́ lórin, kí wọ́n gbọ́ ibi tí sísọ ti di kíkọ. Kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì sí ọmọ tó gbọ́ Yorùbá tí kò ní rí i mú.

Ẹnìkan yóò ní, níbo ni ohun èlò wà? Iléèwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ṣé dùrù ni yóò rà? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ìdáhùn mi sì ni pé kí wọ́n má ra dùrù. Ẹ bá mi wá ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì, kí wọ́n jẹ́ onígò, kì í ṣe oníke. Ẹ bu omi sí ọ̀kan dé ìdajì, ẹ fi èkejì sílẹ̀ lófìfo. Ẹ fi ṣíbí lu wọ́n. Èyí tí omi wà nínú rẹ̀ yóò dún nísàlẹ̀ ju èyí tó ṣófo lọ. Ẹ wá gbé ẹnu lé etí ìgò, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọ̀rọ̀ yí padà: èyí tí omi wà nínú rẹ̀ ló dún lókè báyìí. Ẹ fi ọmọ ọdún mọ́kànlá sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣòro yìí, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Nígbà tí a lu ìgò, ara ìgò ló ń gbọ̀n, omi inú rẹ̀ sì mú un wúwo tí kò fi lè gbọ̀n kíákíá. Nígbà tí a fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ inú ìgò ló ń gbọ̀n, omi sì ti gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kúrú, ó sì yára. Ohun tó bá yára gbọ̀n ló ń dún lókè. Gbogbo ohun tí ọmọ yóò kà lẹ́yìn èyí nípa gíga ohùn, pé ohùn tí àwọn onídùrù fi ń ṣe òdiwọ̀n ń gbọ̀n ní ìgbà 440 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pé dò kejì ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì dò kìíní, yóò bá ilé nílẹ̀.

Bí olùkọ́ bá sì lè rí dùndún kan yá fún ọjọ́ kan, tàbí gángan, ẹ̀kọ́ náà ti parí ara rẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé e há abíyá, kó fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ rẹ̀ nígbà tí ọsán dẹ̀, kó sì fún ọsán náà díẹ̀díẹ̀ bó ti ń lù ú. Yóò gbọ́ ohùn tó ń gòkè, yóò sì mọ̀ ọ́n ní apá ara rẹ̀ pé bí awọ bá ṣe le tó ni ohùn ṣe ń ga tó. Kò sí pátákó tó lè kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ yìí.

Èyí tó wù mí jù ni ọ̀rọ̀ agogo, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Ìlànà kan wà tí agogo máa ń lù nínú orin ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn Ewé ní Gánà àti Tógò náà ń lù, tó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Cuba tó wà nínú orin bembé títí di òní. Kí kíláàsì ka ení dé ejìlá láìdúró, kí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Kí ẹni tó mú agogo lù ú lórí 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Ìlù méje ni nínú òǹkà 12. Nígbà tí èyí bá ti dúró, kí apá ọ̀tún kíláàsì máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí 1, 4, 7 àti 10. Wọn yóò rí i pé orí 1 àti 10 nìkan ni ẹsẹ̀ wọn ti bá agogo pàdé. Kí apá òsì wá máa pàtẹ́wọ́ lórí 1, 3, 5, 7, 9 àti 11. Àwọn yóò bá agogo rìn lẹ́ẹ̀mẹta, wọn yóò rò pé ọ̀nà kan náà ni àwọn jọ ń lọ, agogo yóò sì yà kúrò lọ́dọ̀ wọn títí òǹkà yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí orin fi ń mú ara jó nìyẹn: ẹsẹ̀ àti agogo ń jà, wọ́n sì ń parí ìjà ní orí ení. Ọmọ tó ti ṣe èyí ti mọ ohun tí ìlù jẹ́, ohun tí ìyípo jẹ́, àti bí ìpín mẹ́ta àti ìpín méjì ṣe ń jókòó nínú òǹkà kan. Ó tún ti mọ ìdí tí wọ́n fi yan 12 dípò 10, nítorí a lè pín 12 sí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin àti mẹ́fà.

Kí olùkọ́ wá kọ gígùn ìlù kọ̀ọ̀kan sójú pátákó, láti ìlù kan dé èkejì: 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, kí wọ́n kọ dò, re, mí, fa, sọ, la, ti, dò, kí olùkọ́ sì kọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ohùn kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ti ìṣáájú. Dò sí re, 2. Re sí mí, 2. Mí sí fa, 1. Fa sí sọ, 2. Sọ sí la, 2. La sí ti, 2. Ti sí dò, 1. Òǹkà kan náà ni. Ohun tí agogo ń fi àkókò ṣe ni àkàbà ohùn ń fi gíga ṣe. N kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ìyẹn kọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ ilẹ̀ Yorùbá lè fi agogo rántí ibi tí ìṣísẹ̀ kéékèèké wà nínú àkàbà, láìkọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kankan sórí.

Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní àkàbà ohùn, sol-fa àti ìlà márùn-ún, nǹkan òyìnbó ni gbogbo wọn, pé kí ni a fẹ́ fi wọ́n ṣe. Wọ́n tọ̀nà nípa ìtàn. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan ní ilẹ̀ Ítálì, Guido ti Arezzo, ló fi ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin ìsìn kan sọ ohùn mẹ́fà lórúkọ kí àwọn ọmọ akọrin lè tètè mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan ní Norwich, Sarah Glover, tún un ṣe fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1841 ni ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Hull bẹ John Curwen pé kó wá ọ̀nà tó rọrùn tí wọ́n lè fi kọ́ àwọn ọmọ lórin, òun ló sì sọ ọ́ di tonic sol-fa tí àwọn akọrin ìjọ wa ń kà títí di òní. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Àwọn ọmọ tí kò lówó dùrù ni. Ìdí nìyẹn tó fi tàn dé ibi tí ìwé olówó kò lè dé. Enoch Sontonga, olùkọ́ ní Gúúsù Áfíríkà, ẹni tó kọ orin tó wà nínú orin orílẹ̀-èdè wọn lónìí, sol-fa ló fi kọ orin rẹ̀ sílẹ̀ ní 1897.

Lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá náà kò ti Ilé-Ifẹ̀ wá. A gbà á, a rí i pé kò tó gbé èdè wa, a fi àmì sórí rẹ̀, a fi sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìpàdé lé e lórí ní Èkó ní 1875. Kò sí ẹni tó ní kí a jù ú nù mọ́. Ìjàm̀bá tó wà nínú nǹkan àjèjì ni kí a lò ó láìmọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, orin ìsìn sì ni ẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wa sí lábẹ́. Níbi tí orin ti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀run, ìjọ ń kọrin nípa ọrùn. Kì í ṣe ẹni tó sá fún ìmọ̀ orin òyìnbó ló tún un ṣe. Ẹni tó kọ́ ọ dójú àmì ni. Ekúndayọ̀ Phillips kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní London, ó padà wálé ní 1914 láti tẹ dùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà di 1962. Ní 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde. Ṣáájú èyí ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti ń kọ orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, tí wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sórí àwo ní London ní 1922. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Fẹlá, gba iléèwé Phillips kan náà lọ ní 1958. Mi ò mọ ẹni tó lè sọ pé Fẹlá di òyìnbó.

Àtakò tó le jù, mo sì gbà á tọkàntọkàn, ni ti àwọn Àyàn. Wọ́n ní onílù kò ka ìwé orin kankan, ó sì lè fi ìyáàlù ki ọba títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọmọ Àyàn ṣe ń kọ́ ọ. Wọn kì í gbé ìyáàlù lé e lọ́wọ́. Gúdúgúdú ni, tàbí ìlù kékeré mìíràn, èyí tí ohun kan náà ni yóò máa lù láìyẹsẹ̀, títí yóò fi mọ ibi tí tirẹ̀ bọ́ sí láàárín ti àwọn yòókù. Kẹríkẹrì ní ipò tirẹ̀, ìṣáájú ní ipò tirẹ̀. Ìyáàlù nìkan ló ní òmìnira láti sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ ìpìlẹ̀ orin gan-an nìyẹn, ó tò ní ẹsẹẹsẹ, ó sì gba ọdún púpọ̀. Àwọn Àyàn kò fi ìmọ̀ sílẹ̀, ilé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ tàbí tí ìyá rẹ̀ ń tajà kò ní ilé yẹn, iléèwé nìkan ni ibi tó ti lè bá a pàdé. Ní ti kíkọ sílẹ̀, Akin Euba, tó kọ́ ìmọ̀ orin tó sì mọ dùndún, ṣe ìwé odidi lórí ìlù dùndún ní 1990. Ọ̀pọ̀ ohun tí onílù àgbà lù tí kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ti bá a lọ.

Òbí Mùsùlùmí kan lè ní òun kò rán ọmọ òun níléèwé kó lọ di onílù. Ẹ̀kọ́ yìí kì í sọ ẹnikẹ́ni di onílù. Ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí ilé-kéú ti ń ka gígùn ohùn tipẹ́: áfà ti kọ́ ọ pé ibi kan wà tí a óò fa ohùn dé òǹkà méjì, ibòmíràn sì wà tí a óò fà á dé mẹ́fà. Kíké Al-Kùránì kì í ṣe orin, n kò sì pè é bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé etí tó ti mọ òǹkà yẹn yóò rí semibreve mú ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí òbí bá ní kí ọmọ òun má lu ìlù, kí ó máa ka òǹkà, kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àkókò yóò wọlé: ìṣirò ń bẹ, Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ, àwọn ọmọ kò tíì mọ ìyẹn tán. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Bí iṣẹ́ bá ń lọ fún ọ̀sẹ̀ 10 ní táàmù kọ̀ọ̀kan, tí orin sì ní píríọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀, tí píríọ́ọ̀dù jẹ́ ìṣẹ́jú 40, ọdún mẹ́ta yóò fún wa ní píríọ́ọ̀dù 90. Wákàtí 60 ni. Kò gba àkókò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ti ń ná an tẹ́lẹ̀ lórí treble clef tí ọmọ ń yà tó ń pa rẹ́. Ọdún kìíní ni kí etí àti ohùn gbà, pẹ̀lú dò, re, mí, sọ, la, márùn-ún tó tó ọ̀pọ̀ orin Yorùbá kọ. Ọdún kejì, agogo àti àkàbà odidi. Ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń fi ohùn méjì kọrin pọ̀ kò ní pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ìlà márùn-ún yóò dé ní ọdún kẹta, yóò sì bá ọmọ tó ti ní ohun tó fẹ́ kọ sórí rẹ̀.

Àwọn alágbàwí orin kan máa ń dá àtakò yìí lóhùn pé orin ń mú ọpọlọ jí, pé ọmọ tó bá gbọ́ Mozart yóò mọ ìṣirò. Mo rọ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìwádìí tí gbogbo ariwo yẹn ti wá jáde ní 1993 nínú ìwé ìròyìn Nature. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n lò, kì í ṣe ọmọdé. Irú ìdánwò kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, àǹfààní rẹ̀ kò sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ọmọ tó ń pín crotchet sí quaver ń ṣe ìdá, òótọ́ ni, ó sì lè ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá ràn án lọ́wọ́ rárá, mo ṣì fẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ọmọ yóò máa gbọ́ ní ìsọmọlórúkọ, ní ìsìn, ní ìgbéyàwó, nínú ọkọ̀ èrò, títí dé ìsìnkú àwọn òbí rẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ohun tí kò mọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ pẹ́ wa. Wọ́n ní fóònù ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ ibi kan ṣoṣo tẹ̀. Bí olórin bá gbé ohùn sókè, wọ́n á tẹ bọ́tìnì transpose, ẹ̀rọ á sì gbé e lọ. Ní ọjọ́ tí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n yá bá dé láìní bọ́tìnì náà, ìsìn dúró. Ohun tí bọ́tìnì yẹn ń ṣe, pé ó ń sún gbogbo ohùn ní iye ìṣísẹ̀ kan náà nínú 12, ọmọ JSS 2 lè fi pẹ́ńsù ṣe é láàárín píríọ́ọ̀dù kan.

Ó wá ku olùkọ́. Ẹni tó ń kọ́ni ní Cultural and Creative Arts, àwòrán yíyà ló sábà máa ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a kò sì lè fipá mú un kọrin. Ṣùgbọ́n nínú ọgbà iléèwé kan náà, olùkọ́ Yorùbá wà tó ń fi dò, re, mí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú ọ́fíìsì jẹ́ olórí akọrin ìjọ rẹ̀ tó ń ka sol-fa bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Kí ọ̀gá iléèwé fi píríọ́ọ̀dù orin sí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó sì ké sí onílù àdúgbò lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, kí wọ́n fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúnáwá ṣe. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ tuntun lè máa bọ̀ lẹ́yìn. Kò yẹ kí a dúró dè é.

Ohun kan ló lè ba gbogbo èyí jẹ́: ìdánwò. Bí ìdánwò bá ṣì ń bèèrè ohun tí semibreve jẹ́, ohun tí semibreve jẹ́ ni olùkọ́ yóò kọ́. Nítorí náà, kí ìdajì máàkì orin ní JSS 3 wá láti ẹnu àti ọwọ́. Kí olùkọ́ lu òǹkà mẹ́jọ lórí tábìlì, kí ọmọ lù ú padà, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó kọ orin ohùn márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ sọ wọ́n ní sol-fa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí yóò gba àkókò jù, ọmọ kan kò gba ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kíláàsì ọmọ 40, píríọ́ọ̀dù méjì ni.